Òòfà, Iná Mànàmáná, Rédà tàbí LiDAR: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Mọ Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ahoro

Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣàdédé kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní Ìta Yemòó tún kan ère idẹ mìíràn, èyí tó mú kí Frank Willett lọ walẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọkọ́ ti débẹ̀ kí awalẹ̀pìtàn tó dé, ohun tí ọkọ́ bá sì ti tú ká, kò sí ẹni tó lè tò ó padà sí bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí mo fi kà á sí ọ̀ràn pàtàkì pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti àwọn mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ mọ àwọn ọ̀nà tí a fi ń wo abẹ́ ilẹ̀ láì gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì mọ bí wọn yóò ṣe yan èyí tó bá ilẹ̀ wọn mu.

Ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń wà níwájú ẹni tó fẹ́ yàn: wíwọn òòfà ilẹ̀, wíwọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná mànàmáná, rédà tó ń wọ inú ilẹ̀, àti LiDAR, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí ojú ilẹ̀ ṣe ga tó, tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè èwo ló lágbára jù nínú wọn, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè irú iṣẹ́ tí àwọn ará àtijọ́ ṣe níbẹ̀ àti irú ilẹ̀ tí wọ́n ṣe é lé lórí. Níbi tí iná ti jó gidigidi, òòfà ni kó kọ́kọ́ dán wò. Níbi tí kò bá sí iná, ọ̀rọ̀ á yí padà, nígbà mìíràn á yí padà pátápátá.

Ohun tí òòfà ń rí

Ayé ní agbára òòfà tirẹ̀, nanotesla sì ni orúkọ ìwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Nílẹ̀ Yorùbá, ó jẹ́ nǹkan bí 32,000 sí 33,000. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tó nǹkan bí 49,000. Nínú amọ̀ àti erùpẹ̀ ni àwọn èérún onírin wà tí ojú lásán kò lè rí. Bí iná bá mú amọ̀ gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 580 Celsius, magnetite, ọ̀kan lára àwọn èérún onírin inú rẹ̀, á pàdánù òòfà tó ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí amọ̀ náà bá ń tutù, á gba òòfà tuntun tó kọjú sí ibi tí òòfà ayé kọjú sí lọ́jọ́ náà, á sì dì í mú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Iléru tí wọ́n ti pọn irin ń gbóná ju 1,000 lọ. Nítorí náà, bí ògiri iléru tilẹ̀ ti wó, tí igbó ti bò ó, ìdí rẹ̀ tó ṣì jókòó síbi tí wọ́n mọ ọ́n sí yóò yí òǹkà ẹ̀rọ padà lọ́nà tí kò ṣòro láti rí.

Iná nìkan kọ́ ló ń fa ìyàtọ̀ yìí. Ní ọdún 1955, Eugène Le Borgne, onímọ̀ ará Faransé, fi hàn pé erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ ń gba òòfà ju erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ, pàápàá níbi tí ènìyàn ti gbé, tí wọ́n ti dáná, tí pàǹtírí sì ti jẹrà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ààtàn, kòtò tí wọ́n ń da eérú sí àti yàrà ìlú tí erùpẹ̀ dúdú ti dí hàn lójú ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkà tiwọn kéré púpọ̀ sí ti iléru.

Ní ọdún 1958 ni Martin Aitken, onímọ̀ kan ní Oxford, gbé ẹ̀rọ proton, irú ẹ̀rọ kan tó ń wọn òòfà, lọ sí Water Newton nítòsí Peterborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ mú títì A1 fẹ̀ sí i, ó sì rí iléru ìsunkòkò àwọn ará Róòmù tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ọ̀nà náà kò pẹ́ dé Nàìjíríà rárá: láàárín àwọn ọdún 1960, Bernard Fagg lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Taruga, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí, láti wá iléru irin àwọn ará Nok. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bíi pé àjèjì ni ọ̀nà yìí sí ilẹ̀ wa, nígbà tó jẹ́ pé ó ti wà níbí láti ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Ẹni tó ń wá ibi ìsunkòkò nílẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má fi ojú Water Newton wò ó. Àwọn amọ̀kòkò wa kì í sábà mọ iléru. Gbangba ni wọ́n ti ń to ìkòkò jọ, tí wọ́n ń kó igi àti koríko gbígbẹ lé e, tí wọ́n sì ń sun ún. Ilẹ̀ tó jóná níbẹ̀ kì í jìn, ọkọ́ àgbẹ̀ sì lè ti tú u ká láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀rọ òòfà mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ̀rọ proton ni àwọn awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ lò nínú àwọn mẹ́ta tí a sábà ń rí. Ó lágbára, kò nílò àtúntò púpọ̀, ó sì ń wọn gbogbo agbára òòfà ibi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó gba òǹkà kan, nítorí náà pápá kan ṣoṣo lè gba ọjọ́ púpọ̀. Ẹ̀rọ fluxgate ní ojú méjì tó fi ń wọn òòfà, tí ọ̀kan wà lókè èkejì, pẹ̀lú ààyè ìdajì mítà tàbí mítà kan láàárín wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òǹkà ojú méjèèjì ló sì ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó gbé e ń rìn lọ láì dúró, ẹ̀rọ ń gba òǹkà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín mítà kan, ó sì ń mọ ìyàtọ̀ tó kéré tó ìdá kan nínú mẹ́wàá nanotesla. Ẹ̀rọ caesium tún mọ ìyàtọ̀ tó kéré ju ìyẹn lọ, títí dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ni Helmut Becker àti Jörg Fassbinder gbé lọ sí Qantir ní Íjíbítì láti ọdún 1996, tí wọ́n fi ya àwòrán Pi-Ramesse, olú-ìlú Ramesses Kejì, tó wà lábẹ́ oko àwọn àgbẹ̀ lónìí.

Òòfà ayé kì í dúró sójú kan. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò bí oòrùn ti ń rìn. Nílẹ̀ tó sún mọ́ ìlà tí òòfà ayé ti dùbúlẹ̀ gbalaja, bíi tiwa, iná mànàmáná tó ń ṣàn lókè ọ̀run lọ́sàn-án máa ń mú kí ìyípadà yẹn pọ̀ sí i. Ẹni tó ń lo proton tàbí caesium olójú kan gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ kejì kalẹ̀ sójú kan, kó lè máa yọ ìyípadà ọjọ́ náà kúrò. Ní ti fluxgate olójú méjì, ìyípadà náà kan ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó parẹ́ fúnra rẹ̀. Ìdí yìí, pẹ̀lú bó ṣe yára tó, ló jẹ́ kí n gbà pé fluxgate ló yẹ kí ẹgbẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ wá yá. Àléébù rẹ̀ ni pé ooru ń da ojú rẹ̀ láàmú, nítorí náà oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ wa ń béèrè pé kí a máa tún un tò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Caesium dára fún ohun tó jìn tàbí tí àmì rẹ̀ kò lágbára, àmọ́ owó rẹ̀ ga, bí a sì ṣe kọ ojú rẹ̀ sí òòfà ayé ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé àwọn ìhà kan wà tí kò ti lè ka ohunkóhun.

Ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́, ẹni tó gbé e kò gbọ́dọ̀ ní irin lára: kọ́kọ́rọ́, fóònù, ìdè bẹ́líìtì, bàtà tó ní irin nínú, gbogbo rẹ̀ ni kó bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣán igbó níwájú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé àdá wọn jìnnà.

Bí ilẹ̀ tiwa ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà

Ìwé tí a kọ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì lè ṣi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀ṣun tàbí Ìjẹ̀bú lọ́nà, ìdí rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́ ni yangí. Òkúta pupa yìí kún fún irin, ó sì lè fún ẹ̀rọ ní òǹkà tó dà bíi ti kòtò tàbí ti ààrò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpáta abẹ́ ilẹ̀: ní agbègbè Ifẹ̀ sí Iléṣà, àwọn àpáta dúdú tó ní magnetite wà nísàlẹ̀, àmì wọn sì lè fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mítà. Àmì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yà sọ́tọ̀ kúrò lára ààrò tó fẹ̀ ní mítà kan. Èyí tó ṣòro ni òkúta kéékèèké tó ṣẹ́ kúrò lára àpáta náà, tó sì wà káàkiri inú erùpẹ̀.

Àrá náà wà níbẹ̀. Ibi tí mànàmáná bá ti bọ́ sílẹ̀ máa ń gba òòfà tó lágbára, tó máa ń tàn ká bí ìtànṣán ìràwọ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Scotland kéde irú àmì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ibi òkúta àtijọ́ kan nítòsí Calanais. Ní ilẹ̀ tí àrá ti ń sán tó báyìí lọ́dọọdún, ẹni tó bá rí àmì ńlá kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ tètè pè é ní iléru.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù, tí mo sì rí i pé àwọn ènìyàn kì í sábà rò, ni ọ̀nà tí òòfà ayé gbà dùbúlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wọlẹ̀ lọ́nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Níhìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pátápátá láti gúúsù sí àríwá. Nítorí náà, kòtò kan ṣoṣo lè fara hàn bí àmì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan lókè òdo, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí èyí tó bọ́ sórí kòtò náà gan-an. Èyí tó burú jù ni ti yàrà tàbí odi: bí ó bá nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, á hàn dáadáa, bí ó bá nà láti àríwá sí gúúsù, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, kó ku orí àti ìdí rẹ̀ nìkan. Odi ìlú tó yípo lè hàn lápá méjì kó má hàn lápá méjì tó kù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wó o.

Ní ti àwọn ìlú tí ènìyàn ṣì ń gbé, páànù, òpó iná, ọkọ̀, wáyà ọgbà àti páìpù omi ń bo gbogbo àmì kéékèèké mọ́lẹ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbé ẹ̀rọ òòfà wọ àárín agboolé ní Ilé-Ifẹ̀. Ahoro ló yẹ ẹ́.

Iná mànàmáná àti rédà

Ọ̀nà iná mànàmáná rọrùn láti lóye: a kan ọ̀pá irin mọ́lẹ̀, a rán iná díẹ̀ gba inú ilẹ̀ kọjá, a sì wọn bí ilẹ̀ ṣe dènà rẹ̀ tó. Òkúta àti ilẹ̀ tó ti ki ń dènà rẹ̀. Yàrà tó ti dí, tó sì ní ọ̀rinrin, ń jẹ́ kó kọjá. Richard Atkinson ló lò ó fún ìwalẹ̀pìtàn ní ọdún 1946 ní Dorchester-on-Thames. Owó rẹ̀ kò ga, páànù kò sì dà á láàmú bó ṣe ń da òòfà. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó sì sinmi lé omi inú ilẹ̀: ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ yangí bá ti gan, ọ̀pá náà kò ní rí ibi dì mú. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ló dára jù fún un. Ní ti ògiri amọ̀ tó wó, tó sì padà di erùpẹ̀ bíi ti àyíká rẹ̀, iná mànàmáná àti òòfà ló jọ ń tiraka; kí ẹnikẹ́ni má ṣèlérí pé òun yóò rí gbogbo yàrá inú agboolé àtijọ́.

Rédà ń rán ìgbì rédíò wọ ilẹ̀, ó sì ń ka àkókò tí ìgbì náà fi padà. Èyí fún un ní ohun tí òòfà kò ní, ìyẹn ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe jìn tó. A lè ka ilẹ̀ bí ẹni ń ká aṣọ tí wọ́n tò léra, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Ilẹ̀ yanrìn tó gbẹ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Amọ̀ tútù máa ń gbé ìgbì náà mì, tí ẹ̀rọ kò fi ní rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Ojú ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa fi ara kan ilẹ̀ tó tẹ́jú, èyí tó túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ ṣán igbó mọ́lẹ̀ pátápátá kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà tí a ti lè rí òòfà àti rédà lórí ilẹ̀ kan náà. Falerii Novi ni ìlú àwọn ará Róòmù kan ní Ítálì tí àwọn ènìyàn ti fi sílẹ̀ tipẹ́, ilẹ̀ tó wà nínú odi rẹ̀ sì jẹ́ hẹ́kítà 30.5. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Simon Keay, Martin Millett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi òòfà ya àwòrán rẹ̀: òpópónà hàn, ilé hàn, ètò ìlú náà lápapọ̀ hàn. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ Cambridge àti Ghent, tí Millett wà lára wọn, tẹ àwòrán rédà ìlú kan náà jáde, tí wọ́n gba òǹkà rẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 12.5. Tẹ́ńpìlì, ọjà, ilé ìwẹ̀ àti páìpù omi tó gba abẹ́ ilé kọjá ló fara hàn, tòun ti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó. Bí mo ṣe rí i, rédà kò sọ iṣẹ́ òòfà di asán níbẹ̀. Òòfà sọ ibi tí ìlú náà wà àti bó ṣe tò. Rédà sọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹgbẹ́ tí agbára rẹ̀ kò tó láti ṣe méjèèjì lè fi òòfà rin gbogbo ilẹ̀, kó sì fi rédà wo ìwọ̀nba ibi tí òòfà bá tọ́ka sí.

Ní ti ilẹ̀ àpáàdì, èyí tí ìtàn Ifẹ̀ so mọ́ orúkọ Ọọ̀ni Lúwo, rédà ni mo máa yàn. Òótọ́ ni pé amọ̀ sísun ni àpáàdì, tó sì ní òòfà nínú. Àmọ́ lẹ́yìn tí ìkòkò ti fọ́ ni wọ́n to àpáàdì náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì kọ òòfà rẹ̀ sí ìhà tó wù ú, nítorí náà wọ́n ń pa agbára ara wọn kù. Lójú rédà, ńṣe ni ilẹ̀ líle tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ ń dá ìgbì padà kedere. Ìṣòro yìí kan náà ló bá iléru tó ti fọ́ yángá: ìdàrọ́ tó fọ́n káàkiri lágbára gan-an lójú ẹ̀rọ òòfà, ó sì lè bo ìdí iléru tó wà láàárín rẹ̀. Ó dára kí a kọ́kọ́ ya àwòrán ibi tí ìdàrọ́ àti ẹnu ẹwìrì alámọ̀ wà lójú ilẹ̀ kí a tó gbé ẹ̀rọ dé.

LiDAR

LiDAR kì í wo abẹ́ ilẹ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rán láti òkè gba àárín ewé igi, tó sì ń wọn bí ojú ilẹ̀ ṣe ga tó. Ṣùgbọ́n fún ohun tó tóbi bí Ẹrẹ́dò Sùngbọ́ ní Ìjẹ̀bú, odi àti yàrà tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó ga tó 20 mítà láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, tí igbó sì bo púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí a ń gbé rìn lórí ilẹ̀ tó lè bá a dọ́gba. Kí a lo LiDAR láti rí i, kí a sì pa òòfà mọ́ fún ibi tí àwọn ènìyàn gbé láàárín odi náà.

Láti òǹkà dé àwòrán

Òǹkà tí ẹ̀rọ òòfà kó wálé kò tíì di àwòrán, ọ̀nà tí a sì gbà sọ ọ́ di àwòrán lè la ojú ẹni tàbí kó fọ́ ọ. Irwin Scollar ní Bonn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí fún kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1960. Lónìí, ètò kọ̀ǹpútà TerraSurveyor àti Geoplot ni ọ̀pọ̀ ń rà. Snuffler jẹ́ ọ̀fẹ́, QGIS tí a fi ń tẹ́ àwòrán sórí máàpù náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ kékeré, àwọn ọ̀fẹ́ yìí tó. Ohun tó ṣe kókó ni kí a mọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ tó lágbára jù ló rọrùn jù, ìyẹn ni yíyan ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí funfun parí sí. Ìṣó kan lè mú òǹkà 200 nanotesla wá, kòtò ààtàn sì lè má ju 2 lọ. Bí a bá fi gbogbo òǹkà hàn lẹ́ẹ̀kan, ìṣó nìkan la máa rí. Bí a bá dín in kù sí mẹ́ta lókè òdo àti mẹ́ta nísàlẹ̀, kòtò á jáde. Fún iléru, ìwọ̀n náà kéré jù, gbogbo rẹ̀ á sì di àbàwọ́n kan. Kí a gbé e sí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà pé kí a tẹ àwòrán méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a má yan ọ̀kan ṣoṣo. Àwọ̀ eérú, láti dúdú sí funfun, sì sàn ju àwọ̀ òṣùmàrè lọ, nítorí pé òṣùmàrè máa ń fi ààlà hàn níbi tí kò sí ààlà kankan.

Ilà-ilà tó máa ń hàn nínú àwòrán fluxgate ń wá láti inú ojú ẹ̀rọ tí kò dọ́gba. A lè mú un kúrò nípa sísọ ìpíndọ́gba òǹkà ìlà ìrìn kọ̀ọ̀kan di òdo. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ ó lè pa odi tàbí yàrà tó bá nà sí ìhà kan náà tí a gbà rìn. Nítorí náà, kí a tó kan èèkàn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ láti fi sàmì ìlà ìrìn, a gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí odi ìlú ṣeé ṣe kó nà sí, kí a sì rìn ní ìdábùú rẹ̀. Bí òǹkà àlọ àti ti àbọ̀ kò bá bá ara wọn mu, tí gbogbo nǹkan ń rí bí eyín ayùn, a lè sún ìlà kan síwájú tàbí sẹ́yìn. Èyí kò ní ewu púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn asẹ́ wà. Asẹ́ kan ń sẹ́ ohun tó fẹ̀ kúrò, bí àpáta abẹ́ ilẹ̀, kó lè ku ohun kéékèèké. Ó wúlò lágbègbè Iléṣà, ṣùgbọ́n ó máa ń fi òrùka funfun yí àmì tó lágbára ká, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì rò pé yàrà ló yí iléru po. Asẹ́ kejì ń mú kí àwòrán dán, tí èérún kéékèèké inú rẹ̀ fi ń lọ, ààrò kékeré sì lè bá wọn lọ. Fífi òǹkà kún ààyè tó wà láàárín ìlà méjì ń mú kí àwòrán dùn ún wò, àmọ́ kò sí ìmọ̀ tuntun nínú rẹ̀. Bí a bá fi mítà kan kan sáàárín ìlà ìrìn, ààrò tí kò fẹ̀ tó mítà kan lè ti bọ́ sáàárín, kọ̀ǹpútà kankan kò sì ní lè wá a padà. Ìdajì mítà ni kí a fi sáàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn náà á di ìlọ́po méjì.

Ìgbésẹ̀ kan wà tí àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè máa ń yìn, tó ń yí àwòrán padà bíi pé orí òpó òòfà àríwá ayé, níbi tí òòfà ti ń wọlẹ̀ ṣánṣán, la ti wọn ọ́n, kí àmì lè bọ́ sórí ohun tó fà á. Nílẹ̀ wa, níbi tí òòfà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ìṣirò yẹn máa ń dàrú, ó sì ń ya ilà gígùn irọ́ láti àríwá sí gúúsù. Ẹ fi í sílẹ̀. Ìṣirò tó ń gbé bí òǹkà ṣe ń yí padà ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí wọ́n ń pè ní analytic signal, sàn jù, nítorí pé ó ń kó àmì méjì náà jọ sítòsí ohun tó fà wọ́n. Kò lè dá odi tó nà láti àríwá sí gúúsù padà, nítorí pé ohun tí ẹ̀rọ kò rí, ìṣirò kò lè rí i.

Àwọn kan ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá kòtò àti iléru mọ̀ fúnra rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ìṣòro: bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Yúróòpù ni gbogbo rẹ̀ ti wá, níbi tí òòfà ti ń wọlẹ̀ ṣánṣán, kò tíì rí kòtò olórí méjì tiwa rí. Ojú ènìyàn tó mọ ilẹ̀ náà ṣì ni mo gbára lé.

Kódà ojú tó mọ ilẹ̀ lè ṣìnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwòrán òòfà ní Troy, ìlú àtijọ́ kan ní Tọ́kì, fi ilà gígùn kan hàn tí wọ́n kà sí odi ìlú ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n walẹ̀, yàrà tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ni wọ́n bá. Ní Durrington Walls, ibi àtijọ́ kan nítòsí Stonehenge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kéde ní ọdún 2015 pé òkúta ńláńlá tó tó 90 ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọdún 2016 tí wọ́n wa díẹ̀ nínú rẹ̀ wò, kò sí òkúta kankan, ihò òpó igi tí ẹfun líle ti dí ni. Ẹ̀rọ kò purọ́ níbi méjèèjì. Ohun kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ tí wọ́n fún un ló ṣì.

Èwo wá ni kí a yàn?

Ẹni tó ní ahoro tí ìdàrọ́ kún inú rẹ̀, kó wá fluxgate, kó rìn ní ìlà ìdajì mítà, kó sì pa òǹkà àkọ́kọ́ mọ́ láì fọwọ́ kàn án kó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kankan. Ẹni tó fẹ́ tọpa odi àti yàrà nínú igbó, LiDAR ni kó kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, kó fi òòfà wo apá tó nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kó sì fi iná mànàmáná wo apá tó nà sí àríwá. Ẹni tó ń wá ilẹ̀ àpáàdì tàbí ìpìlẹ̀ olókùúta, rédà ni tirẹ̀, bí ilẹ̀ kò bá jẹ́ amọ̀ tútù. Inú agboolé tí páànù yí ká, rédà náà ni, pẹ̀lú sùúrù. Ibi ìsunkòkò ìta gbangba ló ṣòro jù fún gbogbo wọn. Níbẹ̀, rírìn káàkiri pẹ̀lú àwọn àgbà obìnrin tó mọ ibi tí ìyá wọn ti ń sun ìkòkò lè ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ.

Ìyọ̀ǹda tún ku. Wíwọn ilẹ̀ kì í ṣe ìwalẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ọdún 1979 tó dá Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń bójú tó Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Nínú igbó mímọ́, àwọn tó ń bọ ibẹ̀ àti baálé ilẹ̀ náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ tó kúrò nílé. Bí àwòrán bá sì ti jáde, àwọn ni kí a kọ́kọ́ fi hàn, kí a má sì gbé máàpù tó fi ojú ibẹ̀ gan-an hàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn tó ń jí ère gbẹ́ náà mọ máàpù kà.